Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Tì Lọ́sàn-án

Ohun àkọ́kọ́ tí bàbá mi máa ń bi mí lórí fóònù ni pé ṣé mo ti jẹun. Wọn kì í bèèrè òtútù, wọn kì í bèèrè iṣẹ́. Bí mo bá pè láàárọ̀, ṣé mo ti jẹun. Bí mo bá pè nírọ̀lẹ́, ìbéèrè kan náà ni. Wọ́n á gbọ́ èsì mi, wọ́n á ní "Ó dáa," wọ́n á sì gbé fóònù fún Màámi. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ohùn wọn sì ròkè débi pé bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́, ńṣe ni mo máa ń gbé fóònù jìnnà sétí díẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti pẹ́ tí mi ò ti gbọ́ ohùn yẹn. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn, iṣu tuntun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wà nílé. Láti ìgbà náà, kò sí ìgbà tí mo pè tí Bàbá ráyè. Wọ́n lọ oko. Wọ́n lọ ìpàdé àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n lọ kí ẹni tó ṣòfò ní Emùré. Wọ́n ń sùn, kí n má jẹ́ kí a jí wọn. Màámi á wá fi kún un pé, "Wọ́n ní kí n bi ọ́, ṣé o ti jẹun." Mo máa ń ní mo ti jẹun. Nígbà mìíràn òótọ́ ni.

Mo kúrò nílé ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ya Èkìtì kúrò lára Oǹdó. Adó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, nínú ọ́fíìsì tuntun tó ń rùn fún ọ̀dà, níbi tí a ti ní kọ̀ǹpútà tí ọ̀gá wa fi aṣọ bò láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣí aṣọ náà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀. Owó oṣù wa a máa pẹ́, ó sì máa ń dé lábọ̀. Nígbà tí ọ̀nà Ìlú Ọba ṣí fún mi, gbogbo ilé dunnú, àfi èmi tí ẹ̀rù ń bà. Mi ò ní sọ bí mo ṣe débẹ̀. Ẹni tó bá ti rìn ín mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò rìn ín, kó má rìn ín tìjà-tìjà.

Sheffield ni wọ́n ń pe ìlú tí mo wà. Wọ́n sọ fún mi pé ìlú olókè ni, mo sì rò pé ojú mi á balẹ̀, nítorí ọmọ abẹ́ àpáta ni mí. Òkè tiwọn kì í ṣe òkè. Ilé ni wọ́n kọ́ bò ó látòkè délẹ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́, ibi yòówù kí o dúró sí, àpáta á máa wò ọ́, o ò lè sọnù. Ní Sheffield, mo ń sọnù láàárín ilé mi àti ibùdókọ̀.

Ìkíni ló kọ́kọ́ bà mí lọ́kàn jẹ́. Lọ́sẹ̀ tí mo dé, mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lójú ọ̀nà. Obìnrin àgbàlagbà kan dúró, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ ẹni tí mò ń kí. Nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni, ó di báàgì rẹ̀ mú. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màámi. Mi ò sọ fún wọn pé mo sunkún kí n tó rẹ́rìn-ín.

Mo kọ́kọ́ ń fọ ilé ìtura. Mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn tí mi ò rí rí. Ẹ̀yìn ni mo bá wọn mọ̀: irun orí wọn nínú ihò omi, àpò bisikíìtì lábẹ́ ìrọ̀rí. Iṣẹ́ náà fọ́ mi léjìká. Ìgbà tó yá ni mo rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri nínú ilé ìkàwé ìlú, pé ilé iṣẹ́ kékeré kan ń wá ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà, tó sì ní sùúrù pẹ̀lú àwọn ènìyàn tó ń bínú. Mo ní èkíní díẹ̀. Ti èkejì, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí ní Adó kò ní í ṣàìní in.

Òkè ilé kan tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì ni ọ́fíìsì wa wà. Ọ̀gá wa ń jẹ́ Helen. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ mi ò lè pe ọ̀gá mi lórúkọ lásán, nítorí náà mo ń pè é ní "Mà." Ó bẹ̀ mí títí. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó fi mí sílẹ̀.

Ayò ni wọ́n ń tà níbẹ̀, kì í ṣe ayò tí a ń fi ọmọ rẹ̀ sínú ihò. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ta á. Àwọn ènìyàn tí ìlú wọn jìnnà síra á jókòó, olúkúlùkù sídìí ẹ̀rọ tirẹ̀, bí ẹni pé wọ́n yí tábìlì kan náà ká. Ẹnì kan ni olùdarí. Òun ló ya máàpù ilé tàbí ihò àpáta tí wọn yóò wọ̀, òun ló mọ ibi tí ìṣúra wà àti ibi tí ẹranko burúkú ba sí. Àwọn yòókù ní ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan lórí máàpù, ohun tí ọmọ ayò rẹ bá sì rí nìkan ni ìwọ náà máa rí. Ibi tí àtùpà ọwọ́ rẹ̀ mọ dé ni ayé rẹ mọ. Bí ògiri bá dábùú, dúdú ni. Mo rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni títí mo fi rí bí àwọn àgbàlagbà onírùngbọ̀n ṣe ń bínú tí ọmọ ayò wọn kò bá ríran.

Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n mú un ríran. Àwọn tó ń ráhùn kì í ju irú méjì lọ: ẹni tí kò rí nǹkan kan, àti ẹni tó ń rí ohun tí kò yẹ kó rí. Helen kọ́ mi bí a ṣe ń wá ìdí rẹ̀. Màá kọ́kọ́ wò ó bóyá ọmọ ayò náà ní ojú rárá, nítorí àpótí kékeré kan wà tí olùdarí gbọ́dọ̀ fi àmì sí kí ó tó lè ríran, wọ́n sì máa ń gbàgbé rẹ̀. Bí ojú bá wà, ó lè jẹ́ pé wọn ò fi ọmọ ayò lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Ọmọ ayò tí kò lólúwa kì í ríran fún ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ àtùpà, kí ẹnì kan gbé àtùpà ńlá kalẹ̀ kó sì kọ òdo sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gùn dé. Tí gbogbo ìyẹn bá pé, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ògiri ni.

Ṣùgbọ́n èyí tí Helen tẹnu mọ́ jù ni pé kí n má fi ojú olùdarí wo nǹkan kan. Olùdarí ń rí gbogbo rẹ̀, ògiri kò dí i lọ́wọ́. Á máa wo máàpù tirẹ̀, á rí i tí ó mọ́ gbòò, á sì búra fún ọ pé irọ́ ni ẹni tó ń ráhùn ń pa. Kí n jáde, kí n padà wọlé bí ẹni tí kò ríran, kí n jókòó sórí àga rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo máa mọ̀ bóyá òkùnkùn wà lóòótọ́.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tún ti ẹnì kan ṣe, òru ti ń lọ sí òwúrọ̀ níbi tí oníbàárà náà wà, ní Kánádà. Àpótí ojú ni wọn ò fi àmì sí. Mo fi àmì sí i, ọkùnrin náà sì pariwo ayọ̀ láti òdìkejì ayé, gbogbo ọ́fíìsì gbọ́ ọ. Mo pe ilé lọ́jọ́ náà. Màámi bi mí pé kí ni mo ṣe gan-an. Mo ní mo la ojú ẹnì kan. Wọ́n ní àṣé mo ti di dókítà, wọ́n sì ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó rí ọ̀nà túmọ̀ rẹ̀. Ìgbà yẹn, Bàbá ṣì ń gbọ́ fóònù. Wọ́n bi mí bóyá dókítà náà ti jẹun.

Kí wọ́n tó fi mí sílẹ̀ kí n máa dá ṣe é, Helen ní kí n ya máàpù ilé kan fúnra mi, kí àwọn ará ọ́fíìsì fi ta ayò. Mi ò mọ ilé mìíràn tí mo lè yà láì wo ìwé. Mo ya ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́: pálọ̀ níwájú, kọ́rídọ̀ gbọọrọ, yàrá Bàbá lápá ọ̀tún, ti Màámi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tiwa lápá òsì, ilé ìdáná lẹ́yìn pátápátá. Mo fi ìṣúra pamọ́ sínú ìkòkò kan nílé ìdáná. Mo gbé àtùpà kan sí pálọ̀. Inú mi dùn sí i. Ó ṣe mí bí ẹni pé mo lọ sílé.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ayò, wọn ò sì tíì gbé ẹsẹ̀ kan tí wọ́n fi rí ìkòkò náà láti ẹnu ọ̀nà ìta. Ìmọ́lẹ̀ pálọ̀ gba kọ́rídọ̀ kọjá, ó wọ gbogbo yàrá, ó dé ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Helen wo máàpù náà, ó bi mí pé ilẹ̀kùn dà. Mo ní wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ṣí ni. Ó ní gbogbo rẹ̀? Mo ní ọ̀sán ni.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ilẹ̀kùn yàrá kì í tì lọ́sàn-án nílé wa. Kọ́tìnì ló ń dábùú ẹnu ọ̀nà, afẹ́fẹ́ á máa gbé e síwá sẹ́yìn, ẹni tó bá ń bọ̀ á ní "Àgò o," wọ́n á ní "Àgò yà." Ẹni tó bá tilẹ̀kùn mọ́rí lójú ọ̀sán, àwọn àgbà á wá bi í kí ló ṣe é. Ó ń ṣàìsàn ni, tàbí ó ń bínú, tàbí ohun kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ kí a rí. Helen ní kí n rántí pé níbí, ilẹ̀kùn jẹ́ ògiri títí ẹnì kan yóò fi ṣí i. Mo padà lọ fi ilẹ̀kùn sí gbogbo yàrá, mo sì tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé náà kò jọ tiwa mọ́.

Òótọ́ ló sọ. Ilé tí mo ń gbé nígbà náà, yàrá ló pọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wọn sì wúwo, irin kan wà lókè rẹ̀ tó máa ń mú un ti ara rẹ̀. Wọ́n ní nítorí iná ni. Bí o bá jáde kúrò lẹ́nu ọ̀nà báyìí, wàá gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ, gbàgà. Mo mọ ikọ́ ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi, mo mọ orin tí ẹni apá òsì fẹ́ràn, mi ò mọ ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Lọ́jọ́ Àìkú, mo lè wà níbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kí ohùn mi má jáde lẹ́nu mi. Àwọn kan ń sọ pé ẹni tó wà lókè òkun ń jayé. Àárẹ̀ ni mò ń jẹ, mo sì ń fi omi tì í.

Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, ọ̀rọ̀ Bàbá ń dùn mí sí i. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ta ni í lọ oko lójoojúmọ́ nínú ọyẹ́, ní ọjọ́ orí wọn? Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Káyọ̀dé, tó ń ṣiṣẹ́ ní Adó tó sì ń lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn ló fi fóònù alágbèéká wọn àtijọ́ sílẹ̀ fún Màámi nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìkẹ́rẹ́. Mo bi wọ́n ní tààrà pé ṣé Bàbá wà láyé.

Wọ́n wá ní, "Àbá wà. Mo fi Ọlọ́run búra. Gbájú mọ́ uṣẹ́ rẹ."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ ohùn wọn nígbà náà. Wọ́n ní nẹ́tíwọ̀kì ń já, wọ́n á tún pè mí. Wọn ò pè. Ìwé ìrìnnà mi wà lọ́dọ̀ ìjọba níbí, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ àṣẹ ìgbélùú mi yẹ̀ wò, gbogbo ilé sì mọ̀ pé bí mo bá fò kúrò kí wọ́n tó dá a padà, mo ti fò kúrò nìyẹn, kò sí pípadà. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe. Mímọ̀ ọ́n kò jẹ́ kí oorun kùn mí. Mo ń la ojú ọmọ ayò àwọn ará Amẹ́ríkà, mi ò sì mọ̀ bóyá bàbá mi ń mí.

Ọjọ́ kan ni Ọ̀gbẹ́ni Pérì pè. Mo ti mọ̀ ọ́n. Awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fọ́n ká orílẹ̀-ayé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń darí ayò fún wọn. Ìyẹn nìkan ló ń kó gbogbo wọn jọ. Ó ní ọmọbìnrin òun, Súsàn, tó wà ní Ọsirélíà, kò rí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ yìí bẹ́ẹ̀, ó sì ti ń sọ pé òun ò ní wá mọ́.

Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, sà. Mo wo ojú ọmọ ayò náà, ó là. Súsàn ló ni ín. Àtùpà rẹ̀ ń jó dáadáa. Ọ̀gbẹ́ni Pérì ń sọ pé òun ń rí i kedere lórí máàpù tòun, ó dúró síbẹ̀ ó mú àtùpà lọ́wọ́. Mo ní òun ni olùdarí, sà, kò lè ṣàìrí i. Mo gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde, mo padà wọlé bíi Súsàn. Òkùnkùn biribiri. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn gan-an ni mo rí i. Ògiri ni wọ́n fi yí ọmọ ayò náà ká, ìpele lórí ìpele, ó há mọ́ ọn lára débi pé ìmọ́lẹ̀ àtùpà rẹ̀ kò rí ibi gbà.

Mo rò pé ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì í. Mo ní ẹ ti ya ògiri kan lé òmíràn, sà, ẹ jẹ́ kí n bá yín pa á rẹ́. Ó wá sọ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ yà á ni. Ó ní ọdún náà kò dára fún Súsàn, ọkọ rẹ̀ ti lọ, ó sì jẹ́ pé ọmọ ayò tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kú. Òun kò fẹ́ kí nǹkan ṣe é. Òun fẹ́ kó wà níbi tí kò séwu títí ibi tó le nínú ayò yóò fi kọjá. Òun kò mọ̀ pé ògiri náà yóò dí i lójú.

Ó bi mí pé, "Tí mo bá ṣí ibẹ̀, ó lè kú. Ṣé o mọ̀?"

Mo ní, "Ó lè kú, sà. Ṣùgbọ́n ó máa wà pẹ̀lú yín níbẹ̀."

Mi ò ro ọ̀rọ̀ náà kó tó jáde. Ìgbà tó yá, mo rí i lójú ẹ̀rọ mi tí ògiri ń pa rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ àtùpà Súsàn sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó kún gbogbo yàrá. Ó dúpẹ́. Mo kí ara mi kú iṣẹ́, mo sì gbé fóònù kalẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ra káàdì ìpè, mo pe Màámi. Mi ò bèèrè Bàbá. Mo ti bèèrè Bàbá tó. Ojú olùdarí ni wọ́n ń fi dá mi lóhùn, àwọn ló ń rí gbogbo ilé. Mo bi Màámi pé níbo ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n ní pálọ̀. Mo ní kí wọ́n dìde kí wọ́n bá mi rìn nínú ilé, kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n ń rí fún mi, àárò ilé ló ń sọ mí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ulé tí o mọ̀ bí ẹni mowó? Kí lo fẹ́ rí níbẹ̀?"

Ṣùgbọ́n wọ́n dìde. Wọ́n ní aago ara ògiri ti kú, kò sẹ́ni tó rà bátìrì. Wọ́n ní fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde mi wà níbẹ̀, eruku díẹ̀ wà lára rẹ̀. Mò ń gbọ́ sálúbàtà wọn tó ń wọ́ nílẹ̀. Wọ́n wọ kọ́rídọ̀. Wọ́n ní kọ́tìnì yàrá tiwa ni wọ́n pààrọ̀, àwọ̀ ewé ni báyìí. Kọ́tìnì yàrá tiwọn ṣì ni èyí tí mo mọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń rí i, mo sì dúró síwájú yàrá kan tí wọ́n fò.

Mo ní, "Yàrá Bàbá ńkọ́, Màámi?"

Wọ́n ní kọ́tìnì rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sálúbàtà náà dákẹ́.

"Kí ni ẹ rí?"

"Ulẹ̀kùn ni," ni wọ́n wí.

"Ó ṣí ni àbí ó tì?"

Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn padà sí pálọ̀. Mo ní ọ̀sán ni, Màámi. Ta ló tilẹ̀kùn lọ́sàn-án nílé wa? Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ọmọ mi, ojú lọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe orí fóònù, kí n jẹ́ kí ìwé mi jáde, kí n wálé, a ó jókòó. Mo ní kò sí ojú, Màámi, ohùn yín nìkan ni mo ní.

Wọ́n wá sọ ọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá Bàbá dúbúlẹ̀, ní àkókò iṣu tuntun yẹn. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣe nǹkan kan. Ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ kò dá ṣáṣá mọ́. Bùọ̀dá mi ti gbé wọn káàkiri ilé ìwòsàn, ó ti sàn díẹ̀, wọ́n ti ń jókòó. Mo ní kí ló dé tí ẹ fi tì wọ́n mọ́lé.

"Àwa kọ́," ni Màámi wí. "Àwọn fúnra wọn ni. Bí fóònù bá ti dún, wọ́n á fi ọwọ́ òsì júwe pé kí n lọ tilẹ̀kùn. Wọ́n ní o ò gbọdọ̀ gbọ́ àwọn báyẹn."

Gbogbo ìgbà tí mo pè, tí mò ń bèèrè wọn, tí Màámi ń sọ fún mi pé wọ́n lọ oko, Bàbá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan péré, wọ́n ń gbọ́ ohùn Màámi tó ń dá mi lóhùn. Ọkùnrin tí gbogbo kíláàsì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó bá wà nídìí igi ọsàn níta ilé ìwé, ojú ń tì í láti jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbọ́ òun.

Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i."

Wọ́n ní Bàbá á bínú sí àwọn. Mo ní kí wọ́n bínú sí mi. Ó pẹ́ díẹ̀, mo wá gbọ́ ìró ìkọ́ ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tí Màámi ní "Àgò o." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n ní, "Ọmọ yín ni. Ó ti mọ̀." Fóònù ń họ ara aṣọ, ó ń họ ara ìrọ̀rí, mo sì wá gbọ́ èémí ẹnì kan, tó wúwo, tó sún mọ́ mi létí pẹ́kípẹ́kí.

Mo kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí mi, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ilé o. Èmi ni."

Èémí náà dúró. Mo rò pé wọ́n á fi ọwọ́ ti fóònù kúrò. Ohùn kan wá jáde, kékeré, ó rọ̀, lẹ́tà kankan kò dúró nínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ròkè, ó wá tẹ́ pẹrẹsẹ títí ó fi parí. Mo gbọ́ tí Màámi ń sọ láti ẹ̀yìn pé, "Wọ́n ní..." Mo ní, "Màámi, mo gbọ́." Orin ọ̀rọ̀ náà ni mo gbọ́, mo sì ti ń gbọ́ ọ láti kékeré.

Mo ti yanu láti sọ pé mo ti jẹun. Mo gbé e mì.

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Mi ò tíì jẹun láti àárọ̀."

Ohùn náà tún jáde, ó le díẹ̀ báyìí, bíi ti tíṣà tó ká ọmọ mọ́ ibi tí kò yẹ. Èyí náà kò nílò ògbufọ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Mò ń lọ nísinsìnyí." Mo ní kí wọ́n má pa fóònù. Mo fi bàtà kan há ìdí ilẹ̀kùn yàrá mi kó má baà ti ara rẹ̀, mo gbé fóònù lọ́wọ́ lọ sí ilé ìdáná gbogbo-gbòò, mo gbé ìkòkò kaná, mo bu omi sí i, mo sì gbé fóònù sítòsí ibi tí wọn yóò ti máa gbọ́ ọ. Ẹni tí mo mọ ikọ́ rẹ̀ wọlé wá pọn omi. Ó wo bí mo ṣe ń bá fóònù sọ̀rọ̀ tí omi ń dà lójú mi, ó kí mi, ó sì rọra jáde.

Láti Ìkẹ́rẹ́, ohùn náà tún bèèrè nǹkan kan. Èyí kò yé mi, mo sì ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Mo ní, "Ìrẹsì ni, Bàbá. Ó ku díẹ̀ kó jinná."